Ògiri Tó Lanu Ni Aláǹgbá Ń Wọ̀



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè fi sábẹ́ ẹní. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n fún ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wa ní kúẹ́rì. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Wọ́n ní ó ṣí ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lórí kọ̀ǹpútà, kòkòrò àrùn sì ti inú ìwé náà ran àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Wọ́n tún ń halẹ̀ pé àwọn yóò yọ owó àtúnṣe nínú owó oṣù rẹ̀. A wá bèèrè: iṣẹ́ wo ni wọ́n gba akọ̀wé sí, bí kì í bá ṣe pé kí ó máa ṣí ìwé tí ó bá wọlé?

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìwé orí kọ̀ǹpútà dà bí tákàdá lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé PDF, tí ilé iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1993, lè ru àwòrán, ó sì lè ru àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé. Ètò tí a fi ń ṣí ìwé ni ó ń tú ẹrù yìí. Bí àṣìṣe bá wà nínú ètò náà, ọ̀bàyéjẹ́ lè di ẹrù rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi gba kọ̀ǹpútà mọ́ ẹni tí ó jókòó tì í lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rí wá. Ní oṣù kejì 2009, Adobe kéde pé irú ihò bẹ́ẹ̀ wà nínú Adobe Reader, níbi tí ó ti ń tú irú àwòrán kan tí à ń pè ní JBIG2. Àwọn ọ̀tá ti ń gba ibẹ̀ wọlé ná. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ni àtúnṣe àkọ́kọ́ tó jáde. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ fi hàn pé lórí Windows, bí ènìyàn kàn fọwọ́ kan orúkọ fáìlì náà láìṣí i, ó lè ti tó. Ti Microsoft náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí ihò kan nínú Equation Editor, tí Word fi ń kọ ìṣirò tẹ́lẹ̀ rí. Láti 2000 ni ètò náà ti wà bẹ́ẹ̀: ọdún 17 gbáko! Ṣé akọ̀wé ni ó gbẹ́ ihò náà?

Ọ̀nà àbò wà. Láti oṣù kọkànlá 2010 ni Adobe ti ṣe Reader X, tí ó ń há ìwé mọ́ ibì kan, bí àlejò tí a mú jókòó sí pálọ̀ tí a sì ti ilẹ̀kùn yàrá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò jẹ́ kí a fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà, tàbí tí ó ń pa àtúnṣe tì, òun ni ó fi ògiri sílẹ̀ láìrẹ́.

A kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa ṣe àìbìkítà. Bí ìwé kan bá ṣàjèjì, ẹ fi tẹlifóònù bi ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ségesège, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bẹ̀rù kúẹ́rì yóò pa ẹnu mọ́, iná yóò sì ti dé òrùlé kí ọ̀gá tó gbóòórùn èéfín.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí: kí wọ́n fa kúẹ́rì náà ya; kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan owó oṣù òṣìṣẹ́; kí wọ́n máa fi àtúnṣe sínú gbogbo kọ̀ǹpútà bí ó bá ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó bá adìyẹ wí.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá ẹrù yìí rù.