Ta Ni Ilé Ìkàwé Ìjọba Wà Fún?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Aago 2 la máa ń jáde nílé ìwé. Ká tó wọkọ̀, ká tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀, aago 3 ti kọjá. Ilé ìkàwé ìjọba tí mo máa ń lọ, aago 4 ni wọ́n ń tì í. Ní Sátidé tá a ráyè, àgádágodo là ń bá lẹ́nu ọ̀nà!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìdánwò WAEC ń bọ̀, ìwé lítíréṣọ̀ sì ti wọ́n ju ohun tí òbí ọlọ́mọ mẹ́rin lè rà lọ. Nílé ńkọ́? NEPA ò múná wá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo.

Àwọn kan á ní gbogbo ìwé ti wà lórí fóònù. Ẹ gbàgbé ìyẹn jàre! Dátà ń jẹ owó, WhatsApp ò sì ní jẹ́ kéèyàn ka ojú ìwé kan parí.

Ìbàdàn wa yìí náà ni UNESCO ti ṣèpàdé lórí ilé ìkàwé ará ìlú nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1953. Kò yẹ kírú ìlú bẹ́ẹ̀ máa ti ìwé mọ́ ọmọ ilé ìwé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀: kí wọ́n ṣí i di aago 6, kí wọ́n sì máa ṣí i ní Sátidé. A ti kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ẹ wá fọwọ́ sí i ní kíláàsì SS2A.