Ìyá Gilda: Ẹni Ọmọ Sin Ló Bímọ



Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní lọ́dọọdún, àwa ọmọ òrìṣà ní Brasil máa ń rántí ìyá wa Gildásia dos Santos, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mãe Gilda. Ọmọ Ògún ni. Òun ló dá ilé Abassá de Ogum sílẹ̀ ní Itapuã, ní ìlú Salvador, Bahia. Kì í ṣe ẹni tí í dákẹ́ nígbà tí ìlú bá ń sunkún. Nígbà tí àwọn ará ìlú tú jáde ní ọdún 1992 pé kí ààrẹ Collor kúrò lórí oyè, ìyá wa wà láàárín wọn, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Fọ́tò yìí kan náà ni wọ́n wá fi bà á lórúkọ jẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníjìbìtì ni àwọn ẹlẹ́sìn wa. Àwọn tó gba irọ́ náà gbọ́ wá ń bú ìyá wa, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú ilé rẹ̀. Ara rẹ̀ kò le mọ́. Ní 21 oṣù Kìíní ọdún 2000, àìsàn ọkàn gbé e lọ. Erin wó!

Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Jaciara Ribeiro, ọmọ rẹ̀, sin ín tán, kò káwọ́ gbera. Ó bọ́ sí ipò ìyá rẹ̀ nínú ilé, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ọdún 2008 ni àwọn adájọ́ àgbà ní Brasília fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹbí rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, òfin 11.635 ti ọdún 2007 ti sọ ọjọ́ ikú rẹ̀ di ọjọ́ tí gbogbo Brasil fi ń kọ ìkórìíra ẹ̀sìn.

Ọjọ́ a bá kú là ń dère. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé ère ìyá wa sí ọgbà Abaeté ní Itapuã. Ní ọdún 2020, ẹnì kan sọ ọ́ lókùúta. Ìjà kò tíì tán.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn wá. Bí a bá ń pe orúkọ Ìyá Gilda, ikú rẹ̀ là ń sọ jù, a kì í sọ ìgbésí ayé rẹ̀ tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó bà á lórúkọ jẹ́ ni yóò máa pinnu ohun tí a ó fi rántí rẹ̀. Àwọn àgbà tiwa náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Axexê ń sin òkú dé ọ̀nà, kò ní kí a gbàgbé.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ní 21 oṣù Kìíní tó ń bọ̀, kí a tó jáde lọ fi ẹsẹ̀ lu títì, kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó ti àwọn àgbà rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa àwọn tó ti lọ: ta ló gbé òrìṣà lé wọn lórí, iṣẹ́ wo ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, orin wo ni kì í wọ́n lẹ́nu wọn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò kí ẹni tó mọ ojú tó tán.

Ìyá wa, ẹ sùn re o. Kí Ògún la ọ̀nà fún àwọn ọmọ yín. Àṣẹ.