Ta Ni Yóò Gbé Ìwé Àwọn Ọ̀mọ̀wé Wa Jáde?

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í ṣe àjèjì ní Òkè-Àdó. Ìmálẹ̀fàlàáfíà ni ilé Nigerian Tribune wà, ìwé ìròyìn tí olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ayé ti ń ka ìwé ìwádìí. Open Journal Systems, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ará Kánádà ṣe fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa ni ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà tẹ “ọ̀” sínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ: ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, síbẹ̀ ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ náà lè má rí i. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ọ̀mọ̀wé a sì di ohun ìpamọ́!

A rọ Yunifásítì kí ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ yìí, kí ó sì pe àwọn òǹtẹ̀wé Òkè-Àdó mọ́ wọn, ní ọjọ́ Sátidé, nítorí ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun kò lè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé.