Ọjọ́ Tí Ojú Kọ́kọ́ Ṣú

Ẹni tí wọ́n bá fura pé multiple sclerosis ló ń ṣe, tí wọ́n ní kó lọ rí dókítà ọpọlọ ní LUTH, Ìdí-Àràbà, owó àwòrán ọpọlọ MRI ni yóò kọ́kọ́ máa sá kiri wá. Owó ọ̀hún ga lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ kò ju ojú ìwé kan lọ: ìgbà tí àìsàn yọjú, ibi tó ti mú un, iye ọjọ́ tó lò, bó ṣe lọ.

Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun ara ló ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Wọ́n ń bó awọ tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn, bí eku ṣe ń bó wáyà iná. Ojú kan lè ṣú, kó máa dunni béèyàn bá yí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún ríran. Lọ́dún kejì, ẹsẹ̀ kú tipiri. Ará Mushin á ti ra dígí fún ojú, á ti gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì fún ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè dá àrùn náà mọ̀. MRI á fi àpá hàn. Kò lè sọ pé omi gbígbóná tí aláìsàn fi wẹ̀ ló mú kí ojú tún ṣú fún wákàtí kan. Ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá sí ìkọlù tuntun, tó máa ń kọjá wákàtí 24. Kí orúkọ abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì náà wà nínú ìwé pẹ̀lú, torí bó bá jẹ́ dexamethasone, òun ló lè jẹ́ kí ara tètè yá.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó nìyí. Lóòótọ́, ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun kọ ọ́ láti Ìbàdàn pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n MRI kò tíì sí nígbà náà, ohun tó bá sì ṣọ̀wọ́n ni ojú dókítà máa ń tètè fò. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó kọ àìsàn sílẹ̀ ti gbà á mọ́ra. Mi ò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ẹsẹ̀ tó kú ti kú kí bírò tó kan ìwé.

Ṣé kì í ṣe dókítà ló yẹ kó béèrè? Òun ni, ṣùgbọ́n èrò kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí ẹni tí òun àti aláìsàn jọ ń gbé bá aláìsàn lọ. Òun ló rí i nígbà tó ń fọwọ́ ti ògiri rìn. Bí wọn ò bá rántí déètì, kí wọ́n kọ “ìgbà tí náírà wọ́n”. Dókítà á mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni.