Ó Yẹ Kí Gòdògbò Ní Ààyè Nínú Ọgbà Ilé Wa

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ro oko rí mọ̀ pé aláìgbọràn ni gòdògbò. Bí a bá fi ọkọ́ gé e láàárín àgbàdo, tí òjò sì rọ̀ lé e, oríkèé tí ó bá kan ilẹ̀ yóò tún ta gbòǹgbò. N kò bá àgbẹ̀ tí ó ń hú u jà. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹjọ́ oko yàtọ̀ sí ẹjọ́ àgbàlá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ òdòdó aláwọ̀ búlúù síwájú ilé rẹ̀ lè lọ ra plumbago, èyí tí ìran rẹ̀ ti Gúúsù Áfíríkà wá. Lọ́jọ́ kan náà, yóò bẹ alágbàṣe kí ó bá òun ro gòdògbò ẹ̀yìnkùlé dànù! Ó fi owó ra búlúù, ó tún fi owó lé búlúù lọ.

Ẹni tí kì í tètè jí kò lè mọ ẹwà gòdògbò. Òwúrọ̀ ni ó ń tanná. Nígbà tí ọ̀sán bá fi pọ́n, òdòdó náà ti ká. Òmíràn yóò yọ lọ́jọ́ mìíràn. Nínú irú èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Commelina erecta, ewé òdòdó méjì a nà sókè bí etí ehoro, ní àwọ̀ ayìnrín. Ẹ̀kẹta, tí ó kéré tí ó sì funfun, a wà nísàlẹ̀. Ìdílé Commelin ti ilẹ̀ Netherlands ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1737, Linnaeus ará Sweden kọ ọ́ pé ewé ńlá méjèèjì dúró fún àwọn méjì tí ó di olókìkí nínú wọn, kékeré sì dúró fún ẹ̀kẹta tí ó kú láìṣe nǹkan kan. (Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ fún òkú!)

Kì í ṣe ewéko ọdún kan. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ó nípọn lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀, kí ó sì tún hù nígbà tí òjò bá dé. Oyin a máa wá kó àtíkè òdòdó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá, níbo ni yóò hù sí, níbo sì ni omi òjò yóò wọlẹ̀ sí? Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ róòsì nínú ìwé. Gòdògbò tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, wọn kò lè dárúkọ rẹ̀.

Kí ẹni tí yóò gbìn ín to búlọ́ọ̀kù yí i ká, kí ó má baà rá wọ inú ẹ̀fọ́. Bí onílé kò bá sì gbà á síwájú ilé, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ kànga.