Àkísà Àgbà

Ìjà tí èmi àti ọkọ mi jà lórí ìrìn àjò Ítálì, a ò tíì kúrò nílé wa ní London tá a ti jà á tán. Orí kóòtù ni. Kóòtù dúdú kan ni, tó rà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà, nígbà òtútù àkọ́kọ́ tó bá a nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2002. Ẹnu ọwọ́ rẹ̀ ti họ, aṣọ inú rẹ̀ ti ya lábíyá, àpò ọ̀tún sì ti jò débi pé ohun tó bá jù sí i, ìṣẹ́tí ẹ̀wù ló ti máa lọ wá a. Mo ti ra tuntun fún un. Ó ká tuntun sínú àpótí, ó gbé ògbólógbòó wọ̀.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé èyí náà lẹ fẹ́ wọ̀ lọ bá àwọn tó ń ránṣọ fún gbogbo ayé?"

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Inú bí mi. Mo rò pé ó kàn fi òwe dí mi lẹ́nu ni, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń pa á nílé wa nìyẹn. Bí ọmọdé bá fẹ́ ko àgbà lójú, wọn á fi òwe yìí lé e padà sáyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì òwe là ń gbọ́ báyẹn. À ń gbọ́ "àgbà", a kì í gbọ́ "àkísà". Ẹni tó bá gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rí á mọ̀ pé àkísà kì í ṣe pàǹtí. Nínú àpótí ìyá tó bí ìyá mi, lábẹ́ àwọn òfì tó ń mú lọ òde, àkísà wà níbẹ̀ ní kíká: ọ̀já tó fi pọn ìyá mi, èyí tó ṣẹ́ kù lára aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ó máa ń fi àwọn mìíràn ṣe òṣùká, ó máa ń fi òmíràn gbé ìkòkò gbígbóná, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í fi ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń fọ̀ wọ́n, ó ń sá wọn, ó ń ká wọn padà. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra aṣọ lónìí. Àkísà ńkọ́? Ó dìgbà tó bá wọ aṣọ náà gbó, tí kò sì jù ú nù. Nǹkan méjì ló so mọ́ ara wọn níbẹ̀, kí ọjọ́ pẹ́, kí ọwọ́ sì mọ ìtọ́jú. Àgbà tó bá ti da tiẹ̀ nù, òun àtọmọdé di ẹgbẹ́.

Èmi ni mo mú oṣù kìíní fún ìrìn àjò náà, nítorí owó. Àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì, ilé dá wáí, a ò sì tíì rìnrìn àjò ní àwa méjì láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Mi ò mọ̀ pé òtútù á ṣe wá lóore mìíràn. Lásìkò ooru, èrò tó ń wọ Venice pọ̀ débi pé láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gba owó ìwọ̀lú lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ṣeré níbẹ̀ fún ọjọ́ kan, láwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù. Nígbà òtútù, ìlú á bọ́ aṣọ òde sílẹ̀. Ẹni tó bá dé lásìkò yẹn, ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ló máa rí.

Kùrukùru la bá ní Venice. Ó bo omi, ó bo afárá, à ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ká tó rí i. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni òkun máa ń kún wọ inú ìlú náà jù. Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 187, kò sì sí èyí tó tíì ju ìyẹn lọ láyé wa àfi ti ọdún 1966 tó dé 194. Nísinsìnyí, wọ́n ti ri àwọn ilẹ̀kùn irin ńláńlá sí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà wọn. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn dìde, tí ìlú kò sì rì lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ohun tí omi ti jẹ sẹ́yìn kò lọ. Mo fi àtàǹpàkò kan bíríkì kan létí omi, ó bu bí ìyẹ̀fun, nítorí iyọ̀ ti jẹ ẹ́ dénú. Àwọn ilẹ̀kùn pákó wà níbẹ̀ tí ìsàlẹ̀ wọn ti jẹrà bí ẹnu ọwọ́ kóòtù ọkọ mi. Òun ló fi hàn mí, kì í ṣe èmi ni mo rí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a jẹun tán, a ò rí nǹkan bá ara wa sọ. Ó bà mí lẹ́rù. Ọdún méjìdínlógún la ti fi ń sọ̀rọ̀ ọmọ, owó ilé ìwé, ta ni yóò lọ mú wọn, ta ni yóò dáná. Ìlú tí kò sí ìró mọ́tò kankan nínú rẹ̀ ni wọ́n wá gbé àwa méjì kalẹ̀ sí.

Florence lọ̀rọ̀ ti ṣí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Santa Croce, àgbélébùú ńlá kan sì wà nínú rẹ̀ tí Cimabue ya àwòrán Jésù sí lára ní èyí tó lé ní 700 ọdún sẹ́yìn. Pákó ni, ó ga ju èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Lọ́jọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, odò Arno kún ya wọ ìlú, omi, ẹrẹ̀ àti epo tí wọ́n fi ń múlé gbóná sì bo àgbélébùú yìí mọ́lẹ̀. Ọ̀dà tó ṣí kúrò lára rẹ̀ ju ìdajì lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti ìlú gbogbo wá bá wọn kó ìwé àti àwòrán jáde nínú ẹrẹ̀, débi pé wọ́n sọ wọ́n ní áńgẹ́lì inú ẹrẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi tọ́jú àgbélébùú náà kí wọ́n tó tún gbé e síta.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wá ayàwòrán tó mọṣẹ́ láti ya ojú tó sọnù padà. Umberto Baldini àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí ọ̀dà ti ṣí, ìlà tín-ín-tìn-ín ni wọ́n fi kún un, ìlà lórí ìlà, ní àwọ̀ tí wọ́n mú láti inú àpapọ̀ àwọ̀ gbogbo àwòrán náà. Béèyàn bá dúró lókèèrè, ojú á gba gbogbo rẹ̀ pọ̀, á rí ara tó tẹ̀ kọ́rọ́, á rí orí tó ṣubú sí èjìká. Bó bá sún mọ́ ọn, ìlà nìkan ló máa rí, á sì mọ̀ láìsí àní-àní pé ibí yìí ni omi mú lọ, ibí yìí ló ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ Cimabue. Wọn ò jẹ́ kí àkísà di ihò, wọn ò sì purọ́ pé aṣọ tuntun ni.

Ọkọ mi dúró níwájú rẹ̀ títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wò mí. Ó ní, "Mo mọ ìdí tóo fi kórìíra kóòtù yìí."

Ọdún kan wà nínú ìgbéyàwó wa tí omi wọlé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ fún mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń jí láàárọ̀, tó ń wọ kóòtù náà, tó ń dágbére fún mi, tó ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìwé tí báńkì kọ sílé ni mo fi mọ̀. A là á já, mi ò sì mọ bí a ṣe ṣe é tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ń sọ ìtàn ilé wa fáwọn ọ̀rẹ́, mo máa ń fo ọdún yẹn ni. Mo ti kùn ún pa. Kóòtù yẹn nìkan ló kù tó ń rán mi létí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń ra tuntun.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jù ú nù nígbà náà. Ó ní kóòtù náà ló bá òun jókòó nílé ìkàwé. Ó ní bí òun bá jù ú nù, á dà bíi pé ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ nínú ìtìjú yẹn, a ti jù ú nù pẹ̀lú rẹ̀.

A rìn dé etídò lálẹ́ ọjọ́ náà láìdákẹ́. Lọ́dún 1944, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì ń sá lọ, gbogbo afárá ìlú náà ni wọ́n fọ́ àyàfi Ponte Vecchio. Wọ́n tún afárá Santa Trinita kọ́ lẹ́yìn ogun, òkúta rẹ̀ tí wọ́n ṣà nínú omi sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ère obìnrin kan wà lórí rẹ̀ tí wọn ò rí orí rẹ̀. Wọ́n tò ó síbẹ̀ láìlórí. Ọdún 1961 ni wọ́n tó rí orí náà nínú odò, wọ́n sì gbé e padà sọ́rùn onítọ̀hún.

Róòmù, àkísà pọ̀ níbẹ̀ ju aṣọ lọ. Èèyàn lè rò pé ọta ìbọn ló dá gbogbo ihò tó wà lára Colosseum, ibi eré ńlá tí olú ọba Títù ṣí lọ́dún 80. Irin ló wà nínú àwọn ihò náà tẹ́lẹ̀, òun ló di òkúta mọ́ òkúta, àwọn èèyàn wá gbẹ́ irin yọ láyé ìgbà tí irin wọ́n. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1349 wó apá kan rẹ̀, wọ́n sì ṣa òkúta ibẹ̀ lọ kọ́lé. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ti ju àkísà nù rí! Nísinsìnyí, ó wà nínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn láti ọdún 1948 pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo ogún ayé àtijọ́. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ á dúró nígbàkígbà tí ọkọ́ bá kan ohun àwọn baba ńlá. Ní ibùdókọ̀ San Giovanni tí wọ́n ṣí lọ́dún 2018, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri pé ayé ta ni ìjìnlẹ̀ ibi tá a dé yìí, ìkòkò àti àpáàdì tí wọ́n wú jáde sì wà nínú gíláàsì.

Àpáàdì yẹn ló mú ọkàn mi rọ́ lọ sílé. Ifẹ̀ náà to àpáàdì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní òró, lẹ́sẹẹsẹ, láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń jẹ́ títẹ́. Ṣùgbọ́n ilé Ilojo tó wà ní Tinúbú l'Ékòó ńkọ́, tí àwọn tó ti oko ẹrú Brazil dé fi ọwọ́ ara wọn mọ? Ọdún 1956 ni wọ́n ti kà á kún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n gbé katapílà wó o palẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Ilé alárànbarà pọ̀ l'Ékòó, owó sì lè kọ́ ọgọ́rùn-ún mìíràn. Èyí tó lọ yẹn, owó kò lè kọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní bá wa ní gbàgede Navona. Ọjọ́ Befana ni. Ìyá arúgbó kan ni Befana, aṣọ rẹ̀ jẹ́ kìkì ìlẹ̀mọ́, bàtà rẹ̀ ti lu, wọ́n ní ó máa ń gun ìgbálẹ̀ lóru wá fi nǹkan dídùn sínú ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ rere. Ọmọ tó bá ya ìpátá, èédú ló máa bá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà ni èédú òde òní. Ọmọbìnrin kékeré kan sá tọ ọ̀kan nínú àwọn tó múra bíi rẹ̀, ó dì mọ́ aṣọ rẹ̀ tó ya, ó gbójú sí i. Mo rántí àwọn ìyá tí wọ́n ń pè lájẹ̀ẹ́ nílé nítorí pé wọ́n gbó, tí aṣọ wọn sì gbó. Omi bọ́ lójú mi láàárín ọjà.

Naples, ọjọ́ kan ààbọ̀ la lò níbẹ̀. Ìlú àwọn télọ̀ ni. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú, mo gbé kóòtù ọkọ mi kalẹ̀. Ìyá tó ń tajà níbẹ̀ kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tiẹ̀. Ó yí aṣọ náà padà, ó fi ìka méjì tẹ ibi tó ya, ó fa òwú dúdú mẹ́ta jáde, ó ń fi wọ́n wé e lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú fèrèsé títí ó fi rí èyí tó bá a mu. Dúdú tó ti ń ṣá díẹ̀ ló mú.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo tú ìṣẹ́tí kóòtù náà kí n tó rán an. Ohun tó ti ń jò gba inú àpò bọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá wà níbẹ̀: bọ́tìnnì kan, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tí yíǹkì rẹ̀ ti parẹ́, àti owó pọ́n-ùn kan, èyí tó rí roboto, tí wọn ò ná mọ́ ní London láti ọdún 2017. Mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi mú tíkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sún mọ́ iná, kò rí nǹkan kan kà lára rẹ̀.

Mo kó gbogbo wọn padà síbi tí mo ti bá wọn, mo sì rán ẹnu rẹ̀ pa.