Ebi Kọ́ Ni Ó Ń Dá Ọgbẹ́ Sínú Ikùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń sọ lójoojúmọ́ ní Abẹ́òkúta tí ó yẹ kí a tú wò. Bí oúnjẹ kò bá dà nínú ẹnìkan, tí ó ń gùfẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì ń wú bí ó bá ti jẹ láfún díẹ̀, yóò ní, "Mo ní ulcer." Àwọn ará ilé yóò dá a lóhùn pé ebi ni ó fi ń pa ara rẹ̀. Láti Lafẹ́nwá dé Ìtòkú, ìdájọ́ náà kò yàtọ̀.

Lójú tèmi, èdè ni ó kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Ọgbẹ́ lásán ni ulcer túmọ̀ sí níbi tí a ti yá a. Lẹ́nu wa, ó ti di orúkọ gbogbo ìrora ikùn. Ohun mẹ́ta ni a dì sínú ọ̀rọ̀ kan: àìdà oúnjẹ, tí í ṣe àmì, ọgbẹ́ inú, tí í ṣe àrùn, àti ohun tí ó fà á.

Kí ni ó ń fà á? Ní 1982, ní ìlú Perth ní Australia, Barry Marshall àti Robin Warren ṣàwárí kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní Helicobacter pylori lónìí. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn dókítà gbà pé omi kíkan inú ikùn kò lè jẹ́ kí kòkòrò kankan gbé ibẹ̀. Marshall mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ní 1984, ikùn rẹ̀ sì wú. Ní 2005, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel.

Èdè wa kò ṣàìní ibi tí ìmọ̀ yìí lè dúró sí. Anthony Buckley, nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Medicine, 1985, ṣàlàyé pé àwọn oníṣègùn Yorùbá gbà pé kòkòrò àti aràn ń gbé inú ara, àti pé ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń di àìsàn. N kò sọ pé àwọn baba wa rí Helicobacter. Ohun tí mo ń sọ ni pé "kòkòrò" ti wà nílẹ̀ kí a tó yá ulcer, a sì fi ebi rọ́pò rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Bí mo bá jẹun, ìrora náà ń rọlẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá ta ojú egbò, ṣé iyọ̀ ni ó dá egbò náà? Ebi ń fi ọgbẹ́ hàn ni. Kì í ṣe òun ni ó dá a.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àìdà oúnjẹ ni kòkòrò yìí ń fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ni ó ti kó o láti kékeré tí wọn kò mọ̀ ọ́n lára. Aspirin àti ibuprofen náà ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi ṣe pàtàkì. Àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ ń fi hàn bóyá kòkòrò náà wà níbẹ̀ báyìí. Ti ẹ̀jẹ̀ kò lè ya ti àná sọ́tọ̀ sí ti òní. Bí ó bá wà, oògùn oríṣìíríṣìí tí dókítà pa pọ̀ ni a ń lò, nígbà púpọ̀ fún ọjọ́ 14.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi àgbo àti Flagyl tù ú lóṣooṣù ń kọ́ kòkòrò náà láti tako oògùn ni. Láti 1994 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka kòkòrò yìí mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, tàbí tí ó ń rù láìnídìí, kí ó yá sí ilé ìwòsàn. Láti 1895 ni Abẹ́òkúta ti ní Sacred Heart ní Lántòrò. Ilé ìwòsàn kọ́ ni ìlú yìí kọ́kọ́ ṣàìní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: àìdà oúnjẹ, ọgbẹ́ inú, kòkòrò ikùn. Bí ẹnìkan bá ní ulcer ń yọ òun lẹ́nu, ẹ bi í pé, "Ta ni ó yẹ̀ ọ́ wò?"